Ọkọ̀ Tí Ìdí Rẹ̀ Ń Fò: Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Mi ní Warri

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń bi mí pé báwo ni Warri ṣe rí, n kò lè sọ bí ìlú náà ṣe rí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo lò níbẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ni mo sì wà fún ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí nìkan ni mo lè sọ. Wọ́n ti sọ fún mi ní Ọ̀yọ́ pé ìjà ni àwọn ará Warri ń jẹ, ìjà ni wọ́n ń mu. Ìjà kan ṣoṣo ni mo rí, àwọn tó ń jà á sì ti ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó parí. Wọ́n tún sọ pé wọn kì í gba àlejò mọ́ra. Èyí kì í ṣe òótọ́, ẹ ó sì rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀.

Mo ní ọkọ̀ kékeré kan, irú èyí tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣí sókè tòun ti gíláàsì, tó sì jẹ́ pé táyà iwájú méjèèjì ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi ni mo tún un ṣe lẹ́yìn tí mo parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì. Àbùkù irú ọkọ̀ yìí ni pé bí o bá sáré wọ kọ́nà, imú rẹ̀ kì í fẹ́ yà. Ó máa ń ta kú bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lókùn. Mo kàwé, mo ṣírò, mo sì rí i pé bí mo bá fi sípíríǹgì tó le sí ẹ̀yìn, ìdí ọkọ̀ yóò máa ran imú lọ́wọ́ láti yà. Mo wá sípíríǹgì ọkọ̀ tó tóbi jù ú lọ, mo gbé e sí i. Fún oṣù méjì, ó ṣiṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, èmi àti àbúrò mi obìnrin, Rùkáyà, ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn. Ọ̀kadà kan já sójú títì láàárín kọ́nà. Lójijì, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ìyẹn irin tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Ìdí ọkọ̀ fò, ó fẹ́ gba iwájú mi lọ, a yí po, a sì bá ara wa nínú oko ẹ̀gẹ́, tí a kọjú sí ibi tí a ti ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa. Rùkáyà sọ̀ kalẹ̀, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó sì fẹsẹ̀ rìn títí ó fi rí mọ́tò mìíràn wọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò wọ ọkọ̀ mi mọ́.

Bàbá wa kì í pariwo. Ó ní ọkùnrin kan fẹ́ ra ọkọ̀ náà, yóò sì wá wò ó ní ọjọ́ kẹwàá sí òní. "Àfi bí Rùkáyà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun á tún wọ̀ ọ́," ó ní. "Òun lo gbé yí, òun ni kó sọ."

Ọkọ̀ yẹn ni ohun gidi àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. N kò fẹ́ kó lọ. N kò sì fẹ́ kí àbúrò mi máa wò mí bí ẹni tó mọ ìṣírò tí kò mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kàwé sọ fún mi nípa ọkùnrin kan ní Ugbolokposo, lẹ́bàá Effurun, tí kì í tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tí kì í tún iná ṣe, àfi ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan. Báláǹsì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Mo pè é lórí fóònù, mo ṣàlàyé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Bring am come. Mouth no dey repair motor."

Ojú ọ̀nà

Nígbà tí ìyá mi gbọ́ pé Warri ni mò ń lọ, ó ní kí n bá òun kí Àǹtí Sìkírà, àbúrò bàbá mi, tó ń ta ike àti bútà àlùwàlá ní ọjà Igbudu. Ó di nǹkan díẹ̀ sínú ọkọ̀ fún un, mo sì gbéra.

Ẹnu yà mí sí bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣe. Kí n tó kúrò nílé, mo ti dín afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kù, mo sì ti yí ṣọ́ọ̀kù rẹ̀. Láti Ọ̀rẹ̀ lọ, òjò dé, mo sì rọra ń dán an wò ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ń tẹ̀ lé mi jẹ́jẹ́. Kò fò, kò jó. Nígbà tí mo dúró jẹun ní Sapele, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ìṣòro náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo sì kọ ìdí mẹ́ta tó fi rí bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní Effurun, mo dúró bi ọkùnrin kan léèrè ọ̀nà Igbudu. Ó wo nọ́ńbà ọkọ̀ mi, ó wo ojú mi, ó fi ọwọ́ gbá òrùlé ọkọ̀. "Ngbati! This your motor small like matches, see as e dey shout!" Ngbati ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Kí n tó dáhùn, ó ti ṣí ilẹ̀kùn, ó ti jókòó. Ó júwe ọ̀nà fún mi dé ẹnu ọjà, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí a kọjá lára wọn pé àlejò òun láti Ọ̀yọ́ ni mo jẹ́. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n bá òun kí ìyá mi. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ẹni kan kọ́ ni ìlú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé nìyẹn.

Igbudu

Yàrá méjì ni Àǹtí Sìkírà ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Sèlí, tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Yorùbá Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé ni ìyá ń sọ. Ọmọ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kì í sì í fi í dáhùn.

"Sèlí, ẹ̀gbọ́n rẹ dé láti ilé, o ò kúnlẹ̀!"

"Mama, I dey kneel na. Bros, you do well." Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni ojú rẹ̀ wà. "Na this thing carry you from Ọ̀yọ́?"

Wọ́n kó ohun tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sílẹ̀. Àǹtí ń dárúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gbà á, ó ń ṣàdúrà fún ìyá mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé sitáàṣì àti ọbẹ̀ ẹyìn ka iwájú mi. Sitáàṣì jẹ́ òkèlè tí wọ́n fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ omi ẹ̀gẹ́ ṣe, tí wọ́n fi epo rò. Ó pọ́n, ó sì ń dán. Mo bù ú bí mo ṣe ń bu ẹ̀bà. Kò já. Mo fà á, ó ń bá mi bọ̀. Sèlí wò mí títí tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ na apá mi tán.

"Bros, no be rope. Touch oil first."

Mo fi ìka kan epo, ó sì já. Mo fẹ́ fi eyín rún un, ó ní kí n gbé e mì. Ọbẹ̀ náà nípọn, ó ní òórùn ewé kan tí n kò mọ̀, ẹja gbígbẹ inú rẹ̀ sì dùn dé egungun. Mo jẹ ẹ́ ní ọjọ́ méje nínú mẹ́sàn-án. N kò sọ pé ó dára ju oúnjẹ wa lọ. Mo sọ pé n kò ronú oúnjẹ wa ní gbogbo ìgbà tí mo ń jẹ ẹ́.

Ugbolokposo

Báláǹsì ti lé ní ọmọ ogójì ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í sáré ṣe nǹkan. Ìlàjẹ ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Etí omi Warri ni wọ́n bí i sí. Pidgin ló fi ń ṣe iṣẹ́, ó fi ń ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di gidi, ó máa ń bọ́ sí Yorùbá. Ìyá rẹ̀, arúgbó obìnrin kan tó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe, máa ń jókòó sábẹ́ páànù ní ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó kí mi padà ní Ìlàjẹ, mo sì gbọ́ bí ìdajì rẹ̀.

Báláǹsì kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò wo abẹ́ ọkọ̀. Ó na ọwọ́. "Gimme key. You, siddon for that side." Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ló tọ́ka sí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mo ti ṣe. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé."

"I go read am. Siddon."

Ìlànà rẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọkọ̀ wá, ẹ̀gbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jókòó sí nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti ní ọkọ̀ yẹn. N kò jókòó síbẹ̀ rí.

Ó gbé wa gba títì kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti bẹ́ kiri. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ìdí ọkọ̀ fò lẹ́ẹ̀mejì, kì, kì, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ lórí òkúta. Ní kọ́nà kejì, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ̀yìn fẹ́ kọjá wa. Ó yí sítíárìn díẹ̀, ó gbà á padà, ojú rẹ̀ kò yí padà. Èmi ti di ilẹ̀kùn mú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, níbi tí kò sí bírékì. Ẹni tó wà nídìí sítíárìn mọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tí a padà dé, mo ní, "Ọ̀gá, kò ṣe báyìí lánàá. Láti Ọ̀yọ́ títí dé ibí, kò fò rárá." Mo fi ìwé mi hàn án. Ó kà á lóòótọ́, láti ojú ewé kan sí òmíràn. Mo ti kọ ìwọ̀n epo inú táǹkì, afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwọ̀n ara mi, àní ti táyà sípéà pàápàá.

"Wetin dey boot when you dey come?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

"Ngbati man leave Ọ̀yọ́ come see him aunty. Boot empty?"

Ìgbà yẹn ni mo rí i. Àpò èlùbọ́ méjì. Ogún iṣu. Garawa irú kan, àti kẹ́ẹ̀gì epo. Ó tó ìwọ̀n àgbàlagbà méjì. N kò parọ́ fún un. N kò kàn kà á sí ẹrù ni. Ní ilé wa, ohun tí a bá gbé lọ fún ẹbí kì í ṣe ẹrù, ìkíni ni. Ta ló ń wọn ìkíni?

Báláǹsì rẹ́rìn-ín títí ó fi di òrùlé ọkọ̀ mú. "Mama! Come see engineer! E weigh everything finish, e forget yam!"

Ìyá rẹ̀ kò gbé ojú kúrò lórí àwọ̀n. "Iṣu mélòó?"

"Ogún, mà," mo dáhùn.

"Ogún iṣu," ó ní, "kò sì mú ẹyọ kan wá fún wa."

Mo jókòó sórí táyà kan, mo fa igi lé ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo kọ ní Sapele. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn. Sípíríǹgì tó le nílò ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ṣófo, tí táyà bá kan ibi tí kò tẹ́jú, yóò fò sókè, táyà tó sì wà lókè kò di nǹkan kan mú. Iṣu ìyá mi ló di ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Warri. Àtúnṣe mi kò ṣe nǹkan kan tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà rẹ̀.

Báláǹsì bọ́ sí Yorùbá. "Bàbá mi, ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn. Kó tó mú igi, á béèrè pé ta ló fẹ́ gbé, kí ló fẹ́ gbé. Ìwọ, ta ló máa ń wà nínú ọkọ̀ tìrẹ? Kì í ṣe lọ́jọ́ kan o. Lójoojúmọ́."

"Èmi," mo ní. Mo wo ìjókòó ẹ̀gbẹ́. "Èmi àti àbúrò mi obìnrin." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dé ọ̀rọ̀ bàbá mi.

Ó mi orí. "Then na una two I go set am for."

Ohun tí a ṣe

Ohun kan ni mo bẹ̀ ẹ́: kí a máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì tún gba ojú títì kan náà, kí a lè mọ ohun tó ṣe kí ni. Mo rò pé yóò bínú. Ó ní, "That one, you talk well." Láti ìgbà náà, kò pè mí ní Ngbati mọ́, Engineer ló ń pè mí, n kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ èyí tó jẹ́ yẹ̀yẹ́ jù nínú méjèèjì.

Ó wá sípíríǹgì ẹ̀yìn tó rọ̀ díẹ̀ nínú òkìtì rẹ̀. Ó na okùn àwọ̀n ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì, ó so ó mọ́ ọ̀pá irin níwájú àti lẹ́yìn, ó ń fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti táyà. Mo ti rò pé kọ̀ǹpútà nìkan ló lè ṣe é. Mo tún un wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ nígbà mẹ́ta, ohun kan náà ni mo sì ń rí: táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń wo òde, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ gba ọ̀nà tirẹ̀. Ó yí wọn wo inú díẹ̀.

Kì í wọn ọkọ̀ tó ṣófo. Èmi jókòó sídìí sítíárìn. Ó bi mí bí àbúrò mi ṣe tóbi tó, mo júwe rẹ̀, ó sì pe ìyá rẹ̀. Ìyá gbé àwọ̀n rẹ̀ wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń tún un ṣe lọ bí ẹni pé a wà lórí ìrìn.

"Kí lò ń sá fún tí o fi ń sáré?" ó bi mí.

Mo ronú. "N kò sá fún nǹkan kan, mà."

"Ó dáa. Má gún mi nígúnpá."

Ní ọjọ́ kan, bàbá àgbà ará Urhobo kan ń kọjá, Báláǹsì fi irinṣẹ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó ní, "Migwo." Bàbá náà dáhùn, "Vrendo." Kì í ṣe èdè rẹ̀, kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Bàbá náà dúró, ó bi mí ní ilé mi, ó sì ní kí n má jẹ́ kí Báláǹsì fi mí ṣe ẹrú. Láti ọjọ́ yẹn, a ń kí ara wa.

Ní ọjọ́ karùn-ún, a jiyàn. Ìdí ọkọ̀ kò fò mọ́, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ tún ti ń ta kú ní kọ́nà. Mo ní kí a dá díẹ̀ nínú líle ẹ̀yìn padà.

"You dey race with who?"

"N kò bá ẹnikẹ́ni sáré, sà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò fẹ́ yà kò kúkú dára ju èyí tó ń yí lọ. Igi ló máa gbá dípò oko ẹ̀gẹ́."

Ó yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan. "Correct," ó ní, ó sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ iwájú ọkọ̀. Ó tẹ orí táyà iwájú méjèèjì sínú díẹ̀, kí ìsàlẹ̀ wọn lè di ilẹ̀ mú dáadáa bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn dá díẹ̀ padà nínú ohun tí a pàdánù. Kò dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Aladja

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, òjò ń rọ̀. A lọ sí ìhà Aladja, sí títì fífẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ilé-iṣẹ́ irin, níbi tí mọ́tò kì í pọ̀ sí. Kọ́nà kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Èmi ni mo ń wà á, Báláǹsì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. A gbà á nígbà mẹ́fà, ó dára.

"Now," ó ní, "do the thing wey you do that day."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo wọ kọ́nà náà. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Kò gbéra. A jáde lódìkejì bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Báláǹsì ń wo òjò. Mo yí padà. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbé e díẹ̀, ojo ló gbé e. Mo tún yí padà. Mo sọ fún ara mi pé ohun tí n kò bá lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nínú títì tó ṣófo, n kò ní ẹ̀tọ́ láti bá ẹnikẹ́ni pàdé rẹ̀ láìmọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, láàárín kọ́nà, nínú omi. Imú ọkọ̀ wọ inú kọ́nà sí i. Ẹ̀yìn sún díẹ̀, bí ẹni tó ń sún lórí bẹ́ǹṣì kí ẹlòmíràn lè jókòó, ó sì dúró síbẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo tún un ṣe nígbà mẹ́jọ. Ní ìkẹjọ, mo mọ ìgbà tí yóò sún kó tó sún. Mo páàkì, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo pe ilé.

Bàbá ló gbé e. Ó fún Rùkáyà ní fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti dáa?"

"N kò lè sọ pé kò lè yí mọ́," mo ní. "Kò sí ọkọ̀ tí kò lè yí. Ohun tó ti yí padà ni pé mo mọ ohun tó máa ṣe. Rùkáyà, mo jókòó síbi tí o jókòó sí. Wọ́n ṣe é fún mi bí mo ṣe ṣe é fún ọ. Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi. Mo di ilẹ̀kùn mú."

"Ọwọ́ kan àbí méjì?"

"Méjì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ oko ẹ̀gẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi ò ní jókòó síbẹ̀ mọ́ o." Àyà mi já. "Èmi ni màá wà á. Ẹ̀yin lẹ máa jókòó síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ nìkan ni mo ṣe lè wọ̀ ọ́."

Rùkáyà ti gba ìwé ìwakọ̀ láti ọdún tó kọjá. N kò fún un ní kọ́kọ́rọ́ rí. Mo wá ìdí tí kò fi yẹ kí n gbà, mo wá a dáadáa, n kò rí ọ̀kan tó dúró.

"Ó dáa," mo ní.

Bàbá gba fóònù padà. "Mo ti gbọ́. Màá sọ fún ọkùnrin yẹn. Máa bọ̀."

Báláǹsì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Who go drive?"

"Àbúrò mi ni, sà."

Ó wò mí, ó wo ìjókòó tí mo wà lórí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "And you no talk since? Oya, comot for there. Turn this motor go house before Mama go church."

A bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gèlè ti wà lórí rẹ̀. Báláǹsì dá a padà. Arúgbó náà kùn, ó gbé àwọ̀n rẹ̀, ó jókòó sídìí sítíárìn, èmi sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báláǹsì tún bẹ̀rẹ̀ sí í na okùn láti ọ̀pá dé ọ̀pá, kó lè tún ọkọ̀ wọ̀n bí Rùkáyà yóò ṣe wà á, tí èmi yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyá gbé àwọ̀n lé sítíárìn, ó wá ojú ibi tó ti já. "Níbo ni kí n gbé ẹ lọ?" ó bi mí.

"Ọ̀yọ́, mà," mo ní.